Wọ́n Fi Ẹ̀rọ Gbohùngbohùn Pe Adití

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe adití. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè é, ohùn náà sì rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹyẹlé orí òrùlé ilé kánsù fi fò kúrò. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ẹni tí wọ́n ń pè nìkan ni kò gbọ́. Nígbà tí kò dáhùn, akọ̀wé ìlú fa ìlà lé orúkọ rẹ̀, ó ní, "Kò wá." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń bá a du àga, wọ́n ní ó ti wọlé láìsí alátakò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìránṣẹ́ kánsù gun òkè lọ láti kó àwọn àpótí ìbò tí wọn kò lò. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó fa ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí síta, òkú sì ṣubú lé e lẹ́sẹ̀. Adití náà ni. Ó ti jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Ó wá, ẹ gbọ́ mi. Ó tètè dé ju gbogbo wọn lọ.

Èmi ni sájẹ́ǹtì tí wọ́n rán lọ síbẹ̀, èmi àti ọ̀gá mi. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wa mọ́tò, kí n sì máa bẹ̀rù òkú. Iṣẹ́ ọ̀gá mi ni kó máa bi òkú ní ìbéèrè títí òkú yóò fi dáhùn. Obìnrin ni, kò sì ga rárá. Bí ó bá jókòó sí ẹ̀yìn mọ́tò, àwọn èèyàn á rò pé èmi nìkan ni mò ń lọ. Abẹ́rẹ́ ni a ń pè é ní àgọ́ wa, nítorí abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àwọn àkùkọ ńláńlá kan ti dán an wò rí. Wọ́n wà lẹ́wọ̀n.

Alága kánsù pàdé wa lórí àtẹ̀gùn, ó ń nu ojú tí kò tutù.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ikú Ọlọ́run ni. Ó dùn wá dé egungun. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣe é kíá, torí à ń búra fún kánsílọ̀ tuntun lọ́sàn-án yìí."

"Kánsílọ̀ wo?" ni Abẹ́rẹ́ bi í.

"Èyí tó wọlé lánàá. Fún àga àwọn àkàndá ẹ̀dá."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ìlú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin pé àga kan nínú kánsù gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àwọn arọ, afọ́jú àti adití. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ni yóò máa wí tiwọn nígbà tí kánsù bá ń pín iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà tí ìlú ti wà, adití kankan kò gba iṣẹ́ kánsù rí, àfi kó jẹ́ gbígbálẹ̀. Olóògbé yìí, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti ń tún àga àti ilẹ̀kùn kánsù ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ló jáde pé òun á du àga náà. Gbogbo àwọn adití sì rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá. Òfin wá ní bí wọ́n bá pe olùdíje tí kò dìde, kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

"Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n dá a dúró ńkọ́?" ni ọ̀gá mi bi í. "Kí lòfin wí?"

Alága wo àjà. "Ìyẹn... bí ẹnikẹ́ni bá fi ipá dí i lọ́nà, a ó tún ìbò náà dì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dí adití lọ́nà?"

"Ẹni tó ti ilẹ̀kùn," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó sì gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá.

*

Yàrá náà kò ní fèrèsé. Kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́, àpò jíjẹrà àti kọ́tìnnì tí eku ti sọ di ilé ló kún ibẹ̀. Mo wọlé báyìí, mo sín. Mo tún sín. Ọ̀gá mi ní kí n lọ dúró síta kí n má baà sín ẹ̀rí dànù.

Dókítà wa kò pẹ́ kó tó jáde. Ó ní kò sí ojú ọgbẹ́, kò sí májèlé. Àìsàn tí í sé èémí mọ́ni láyà ló ń bá olóògbé fínra tipẹ́. Eruku ló ru ú sókè, kò sì rí oògùn rẹ̀ fọ́n sẹ́nu.

"Sájẹ́ǹtì, kí lo rí?" ni Abẹ́rẹ́ bi mí.

"Òkú, ọ̀gá."

"Yàtọ̀ sí òkú."

Mo wò. Mo rí àga kan tí wọ́n nù mọ́ láàárín gbogbo eruku yẹn. Mo rí ike omi, mo rí búrẹ́dì tó ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ olóògbé, ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, gìgísẹ̀ bàtà náà sì ti ya. Pákó ilẹ̀ ti bó níbi tó ti fi í lù ú. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ tí ìlà apá rẹ̀ fi mú bí ọ̀bẹ.

"Gílóòbù ń tàn," ni mo wí. "Lójúmọmọ. Kánsù ń fi owó wa ṣòfò."

Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Níbo ni wọ́n ti ń tan iná náà?"

Mo wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá, n kò rí i. Ìta ló wà, lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà nínú ihò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ló fi iná sílẹ̀ fún un.

"Bí ìwọ bá fẹ́ ti ọ̀tá rẹ mọ́lé," ni ọ̀gá mi wí, "ìwọ á nu àga fún un? Wàá ra búrẹ́dì? Wàá tan iná?"

"Màá tilẹ̀ gba bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀gá."

"Ó dáa. Rántí ohun tí o wí yẹn."

*

Inú ọ́fíìsì rẹ̀ nísàlẹ̀ yàrá náà gan-an ni akọ̀wé ìlú jókòó sí, ó fi táì fún ara rẹ̀ lọ́rùn.

"Ẹ gbọ́ ariwo kankan lókè lánàá?" ni Abẹ́rẹ́ bi í.

"Ariwo kọ́, iṣẹ́ ni. Ó ń kan nǹkan. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: kó, kó, kó, á sinmi, kó, kó, kó, á sinmi. Ó tilẹ̀ bí mi nínú. Mo ní ẹ wo ẹni tó fẹ́ di kánsílọ̀, wọ́n ń pè é, àga ló ń kàn."

"Ẹ mọ̀ pé ó wà lókè?"

"Gbogbo wa la mọ̀! A ń gbọ́ ọ. Ẹnìkan tilẹ̀ ní ká lọ pè é. Mo ní ẹ fi í sílẹ̀ ó jàre, ó ti yan iṣẹ́ rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ sí mi. Mo gbé àpò irinṣẹ́ olóògbé fún un, èyí tí a rí lábẹ́ àga ìwájú nínú gbọ̀ngàn. Ó kó ohun inú rẹ̀ jáde sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayùn. Ìfági. Ìṣó nínú agolo. Òòlù. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ike oògùn kékeré kan tí wọ́n ń fọ́n sẹ́nu bí èémí bá sé.

"Akọ̀wé," ni ó wí ní pẹ̀lẹ́, "òòlù wo ló fi ń kan nǹkan?"

Akọ̀wé ìlú wo òòlù. Ó gbójú sókè wo àjà. Ó jókòó. Ó ti gbàgbé pé ó ti dìde tẹ́lẹ̀, àga sì ti yí lọ sẹ́yìn. Ilẹ̀ ló bá ara rẹ̀, pẹ̀lú táì rẹ̀ lórí èjìká. Èmi tí mo máa ń rẹ́rìn-ín bí ológbò bá yọ̀ ṣubú, mo wá ẹ̀rín nínú mi, n kò rí i.

"Ó ń pè wá," ni akọ̀wé wí láti ilẹ̀ níbẹ̀.

"Ó ń pè yín."

*

Mo ti mọ ẹni tó ṣe é. Ta ló jèrè? Àna Alága ni, ọkọ àbúrò rẹ̀, ẹni tí wọ́n fẹ́ búra fún. Ọkùnrin yìí kò yarọ rí láyé rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n ṣòfin àga àkàndá. Bí òfin ti jáde, ẹsẹ̀ ti rọ. Ọ̀pá tó há sábíyá ṣì ní bébà tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí lára.

"Ẹ wo èmi aláìsàn," ni ó wí nílé rẹ̀, ó ń kérora bí ẹni tó ń rọbí. "Èmi arọ, báwo ni n ó ṣe gun àtẹ̀gùn lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ìyà yìí pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, a máa nílò ọ̀pá yẹn. A fẹ́ wò ó bóyá ó dọ́gba pẹ̀lú àpá kan tó wà nílẹ̀ yàrá."

"Ẹ mú un! N kò ní nǹkan tí mo ń fi pamọ́."

Ó gbé ọ̀pá fún wa. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi dìde sìn wá. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó fo ìdènà ilẹ̀kùn, ó sáré ti ajá sẹ́yìn, ó bá wa ṣí géètì. Ó juwọ́ sí wa. Ìgbà náà ni ó rí ọ̀pá lọ́wọ́ mi. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ó wo tòsì. Kò rántí èyí tó yarọ nínú méjèèjì.

Mo ti yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n—"

"Dá a padà sápò." Ó yíjú sí Àna Alága. "Òpùrọ́ lẹ jẹ́, ìyẹn á tó kan yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò ti ilẹ̀kùn. Ẹ sọ fún mi, àwọn ọmọkùnrin yín tí ará àdúgbò rí lódìkejì títì kánsù lánàá, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n... wọ́n kàn ń wòran ni, mà."

"Sájẹ́ǹtì, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dà?"

"Wọ́n kìlọ̀ ni! Mo ní kí wọ́n kìlọ̀ lásán! Pé bó bá dìde nígbà tí wọ́n bá pè é, kò ní fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni!"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Wọ́n fi ẹnu kìlọ̀ fún adití?"

Ọ̀gá mi kò dúró gba èsì.

Nínú mọ́tò, inú ń bí mi. "Ọ̀gá, ẹni tó jèrè nìyẹn. Kí ló dé tí ẹ fi í sílẹ̀?"

"Kò ní lọ jìnnà, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Sájẹ́ǹtì, ronú. Ọkùnrin tó lágbára fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ yàrá yẹn. Kò jà, bọ́tìnnì rẹ̀ kan kò já. Ó jókòó, ó jẹ búrẹ́dì. Ẹnìkan ló sọ fún un pé kó dúró níbẹ̀, ó sì gbà á gbọ́. Nínú gbogbo ilé kánsù, mélòó ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kí adití 'ẹ káàárọ̀' lásán?"

Mo yí mọ́tò padà sí ọ̀nà kánsù.

"Tún ro ti iná. Ìwọ tí o ń gbọ́ràn, bí mo bá tì ọ́ sókùnkùn, a ṣì lè sọ̀rọ̀. Adití tó wà lókùnkùn, ojú rẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò hàn, etí kò sí tẹ́lẹ̀. Òkùnkùn fún wọn dà bí kí wọ́n sin èèyàn láàyè. Àwa kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti bá adití gbé láti kékeré ló mọ̀ pé kí òun tó ti ilẹ̀kùn, kí òun fi iná sílẹ̀."

Mo rọra tẹ bíréèkì. "Bí ikú ilé kò bá pani, ọ̀gá..."

"Má pa òwe yẹn fún mi," ni ó wí. "Kò bá ibí mu. Ìfẹ́ ló ti ilẹ̀kùn yìí."

*

Bàbá Onígéètì kánsù ti dàgbà, ó sì fẹ́ràn àlejò. Ó bá wa nu àga kí a tó jókòó.

"Ọmọ dáadáa ni o," ni ó wí nípa olóògbé. "Kì í kọjá mi kó má dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náà, alágbàfọ̀ yẹn, òun ló máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n náà ni yóò bá sọ ọ́."

"Ẹ rí ẹ̀gbọ́n náà lánàá, bàbá?"

"Mo rí i! Nígbà tí wọ́n pe orúkọ tí kò dáhùn, àwọn adití dìde, ọwọ́ ń fò lókè, ìdàrúdàpọ̀ ṣẹlẹ̀. Alága ní ká lé gbogbo èèyàn síta. A lé wọn, mo ti géètì. Ẹ̀gbọ́n náà wá bá mi. Ó ní, 'Bàbá, àbúrò mi wà nínú.' Mo ní, 'Mo mọ̀, ṣé o ò gbọ́ ọ ni? Ó ń ṣiṣẹ́.' Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n wọlé.' Mo ní, 'Àṣẹ làṣẹ ń jẹ́, ọmọ mi. Bó bá parí, á gba ẹ̀yìnkùlé jáde bó ṣe máa ń ṣe.'"

"Ó wá lọ bí?"

"Kò lọ. Ó di irin géètì mú, ó ń tẹ́tí. Ó ń wo àwọn ọmọkùnrin kan lódìkejì títì, ó ń wo òkè, kò sọ nǹkan kan. A jọ ń gbọ́ ọ, èmi àtòun. Kó, kó, kó. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Mo ní, 'Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti parí nìyẹn. Máa lọ sílé, lọ se oúnjẹ dè é.'" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ nu ẹnu. "Ọ̀gá, kí ló tilẹ̀ pa á gan-an? Wọ́n ní èémí ni. Ṣé iṣẹ́ ló ṣe jù?"

Mo la ẹnu. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

"A ṣì ń wádìí, bàbá. Ẹ ṣeun. Ẹ sinmi."

Lóde, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún un.

"Á mọ̀," ni ó wí. "Gbogbo ìlú á mọ̀. Jẹ́ kó jẹun lónìí ná."

*

Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ náà kéré, ó gbóná, aṣọ kún gbogbo okùn. Obìnrin náà ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan nígbà tí a wọlé. Kò gbójú sókè.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, ìyá," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ jókòó. Ẹ má wo bí ibẹ̀ ṣe rí. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà ni, wọ́n ní wọ́n fẹ́ gbà á lónìí."

"Nígbà tí wọ́n pe àbúrò yín, iwájú lẹ jókòó sí. Ẹ̀yin ni etí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè é. Kí lẹ wí?"

Áyọ́ọ̀nù dúró lójú kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn aṣọ tó fẹ́ jó.

"N kò wí nǹkan kan."

"Kí ló dé?"

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró lórí ìdí rẹ̀. Ó fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, ó sì ń wo apá tó ti pọ́n lára aṣọ oníaṣọ.

"Wọ́n wá bá mi níbí. Wọ́n jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yìí. Wọ́n ní bó bá dìde, àwọn á fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ méjèèjì, kó lè di arọ àti adití pọ̀, kó gba àga méjì. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi alára wà lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn, ó ń tún tábìlì yìí ṣe fún mi, ó juwọ́ kí wọn. Ó bi mí pé kí ni wọ́n wí. Mo ní wọ́n ní kó ṣe dáadáa."

Mo wo ilẹ̀.

"Bí mo bá sọ fún un, á lọ. Orí rẹ̀ le. Mo rò pé bí kò bá ti dìde lánàá nìkan, ìyókù á yanjú. Mo mú un gòkè, mo sọ fún un pé akọ̀wé ní kó dúró síbẹ̀ títí wọn á fi wá mú un wọlé. Mo ní kó fi àpò irinṣẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀, pé kánsílọ̀ kì í gbé òòlù kiri. Mo rò pé oògùn rẹ̀ wà lápò ṣòkòtò. Ibẹ̀ ló máa ń wà. Bí wọ́n bá ti kéde tán, màá gòkè lọ ṣí i. Màá bẹ̀ ẹ́. Ó máa bínú, ṣùgbọ́n á wà láàyè láti bínú."

"Wọ́n wá lé yín síta."

"Wọ́n lé wa. Àwọn ọmọkùnrin yẹn dúró lódìkejì. Bí mo bá pariwo pé mo tì í mọ́bẹ̀, wọ́n á mọ ibi tó wà. Mo sì ń gbọ́ ọ. Nílé wa, ilẹ̀ la fi ń pe ara wa. Bó bá fẹ́ mi, á fi ẹsẹ̀ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á sinmi. Gbogbo wọn ń sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé èmi ló ń pè. Mo ní tó bá ti ń pè mí, ó wà láàyè. Nígbà tó dákẹ́, mo ní... mo ní ẹnìkan ti ṣí i fún un. Mo ní ó ti bínú lọ sùn sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo se oúnjẹ."

Kò sunkún. Ì bá sàn ká ló sunkún.

"Ìyá," ni Abẹ́rẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀, "kánsù ti kọ ọ́ pé kò wá. Bí kò bá sí ẹni tó sọ ohun tí ẹ sọ fún mi yìí, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà, àga á sì di ti òpùrọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́, òfin ní wọ́n á tún ìbò dì. Ṣùgbọ́n màá mú yín. N kò ní lè ṣàìmú yín."

"Ọ̀sán yìí ni wọ́n fẹ́ búra?"

"Ọ̀sán yìí ni."

Obìnrin náà ká aṣọ tó ti jó sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sábẹ́ àwọn yòókù kí oníaṣọ má baà tètè rí i.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni ó wí.

*

Gbọ̀ngàn kún. Àna Alága ti ra ọ̀pá mìíràn. Ìlà mẹ́ta gbáko ni àwọn adití jókòó sí lẹ́yìn, gbogbo wọn wọ aṣọ dúdú, ọwọ́ wọn wà lórí itan. Bí o bá mọ bí wọ́n ti ń fi ọwọ́ wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, wàá mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ nìyẹn.

Alágbàfọ̀ dúró níwájú, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún kánsù. Kò fi ìhalẹ̀ àwọn ọmọkùnrin náà pamọ́, kò sì fi tirẹ̀ pamọ́. Bó ti sọ ọ́ tán, Àna Alága ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì yá gágá. Mo ti fi ọlọ́pàá méjì dúró síbẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyí," ni Alága wí, òógùn ń bò ó. "Ẹ̀gbọ́n ló ti àbúrò rẹ̀ mọ́lé. Kí ló kan kánsù?"

Akọ̀wé ìlú ló dìde. Ojú rẹ̀ ti wú. "Òfin kò béèrè ẹni tó ti ilẹ̀kùn, Alága," ni ó wí. "Ó wá, a sì gbọ́ ọ. A ó tún ìbò náà dì."

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Mo fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọwọ́ obìnrin náà, bí òfin ti wí.

Ìgbà náà ni obìnrin arúgbó kan dìde lẹ́yìn. Ìyá Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pè é, òun ni olórí àwọn adití. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ń bọ̀, ojú rẹ̀ le bí òkúta.

"Kí ló ń wí?" ni Alága bi wá.

Gbogbo wa wo ara wa. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa wo alágbàfọ̀. Ẹnu kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn yìí ní ní gbogbo ilé kánsù, mo ti fi irin dè é.

"Tú u," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Wọn ò sì tíì gbọ́ ohun tó sọ fún wa."

Mo tú u. Alágbàfọ̀ yíjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwa kò gbọ́ ẹyọ kan. Ojú wọn nìkan la ń wò. Mo rí ọkùnrin kan tó bo ojú ara rẹ̀ kí ó má baà gbọ́ mọ́.

Ìyá Ẹgbẹ́ dúró títí ó fi parí. Ó wá sọ tirẹ̀, alágbàfọ̀ sì ń fi ẹnu tú u fún wa, ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ìyá náà.

"Ó ní àwọn fẹ́ ìbò tuntun. Ó ní nígbà yẹn, kí ẹ wá ògbufọ̀ tí kánsù gbà síṣẹ́, kó má jẹ́ ẹbí ẹnikẹ́ni. Ó ní obìnrin tó dúró níwájú yín yìí gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe ọmọ wa léṣe, kò sọ fún un. Ó ní gbẹ́nàgbẹ́nà kì í ṣe ọmọdé. Bóyá yóò dìde, bóyá yóò sá, òun ló yẹ kó yàn. Ó ní ẹ̀yin kò fún wa láàyè láti yàn rí, ṣùgbọ́n àwa kò mọ̀ pé tinú ilé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní... ó ní a yá a ní etí wa, ó fi tì wá mọ́lé. Ó ní kí ọlọ́pàá mú un lọ."

Alágbàfọ̀ kò bu omi là á. N kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo ń wo ojú ìyá yẹn, mo sì mọ̀ pé bó ṣe le níbẹ̀ ló ṣe le níbí.

Obìnrin náà yíjú sí mi, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹgbẹ́ ti rìn wá síwájú. Ó dúró tì í gbágbá, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ dí i mọ́ ojú àwọn tó kù, ó sì fi ọwọ́ kan sọ nǹkan kékeré kan lẹ́bàá àyà rẹ̀. Kò gùn. Omijé bọ́ lójú alágbàfọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Kí ló tún wí?" ni Alága bi í. "Tú u! Kánsù fẹ́ gbọ́."

Ó fi ọwọ́ dá ìyá náà lóhùn kí ó tó yíjú sí wa.

"Èyí kò kan kánsù," ni ó wí. "Tèmi ni."